Bí A Kò Bá Rí Àdán: Fífi Ère Ogun Ẹlòmíràn Ja Ogun Àwọn Baba Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré tí ó jẹ mọ́. Eré kan wà tí tọmọdé tàgbà ń ṣe lórí tábìlì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Wọn á tẹ́ pákó tàbí aṣọ, wọn á mọ òkè, odò àti igbó sórí rẹ̀, wọn á wá to àwọn ọmọ ogun kéékèèké sí ìhà méjèèjì. Ọmọ ogun wọ̀nyí lè jẹ́ olójé, oníke tàbí onígi. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ga tó mílímítà 28, kò fi bẹ́ẹ̀ ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Wọn á fi rúlà wọn ìrìn ẹsẹ̀ àti ọ̀nà tí ìbọn lè rìn dé, wọn á ju dáìsì bí ẹni ń ta lúdò, òfin eré ni yóò sì sọ ẹni tí ọta bà àti ẹni tí ó sá. Ogun tí ó ti jà rí nínú ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tún jà báyìí, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ẹni tí ó ṣẹ́gun fi ṣẹ́gun.

Ìbéèrè tí ó kó wa jọ ni èyí: bí ẹnì kan bá fẹ́ ja ogun kan lórí tábìlì, tí kò sì rí ère àwọn tí ó jà á, ṣé ó tọ́ kí ó fi ère ẹ̀yà mìíràn rọ́pò? Àwọn baba wa ti dá apá kan nínú rẹ̀ lóhùn. Wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òòbẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, nítorí pé òun náà ń fò, òun náà ń jáde lóru. Wọn kò ní kí a fi aláǹgbá rọ́pò àdán. Ohun tí mo wá sọ kò jù báyìí lọ: ère kan lè dúró fún òmíràn bí ó bá lè ja irú ìjà tí ẹni yẹn jà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n fi jọra, irọ́ ni a ń pa mọ́ àwọn baba wa.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1812, ará Prussia kan tí ń jẹ́ Reisswitz gbé irú eré yìí síwájú ọba ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1824. Àwọn ológun Prussia fi ń kọ́ ọgbọ́n ogun. Kò sí ère kankan nínú rẹ̀. Ègé pupa àti ègé búlúù ni wọ́n ń tì kiri lórí máàpù, ẹnikẹ́ni kò sì bínú pé ègé náà kò jọ ènìyàn.

Ère wọlé nígbà tí ó di ohun tí owó ọmọdé lè rà. Ní 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ ogun olójé tí inú rẹ̀ ṣófo, èyí tí kò wọ́n. Irú wọn ni H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ń tò sílẹ̀ nígbà tí ó kọ ìwé òfin eré rẹ̀, Little Wars, ní 1913. Ìwé Donald Featherstone, War Games, tẹ̀ lé e ní 1962, ní àsìkò tí ọmọ ogun oníke ilé iṣẹ́ Airfix ti wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba oríṣi ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ogun tí kò sí lọ́jà á gé orí ère kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn òmíràn, á sì kun ún lọ́dà tuntun. Láti ìgbà yẹn ni fífi ère rọ́pò ère ti di apá kan eré náà.

Kódà, kò sí eré ogun orí tábìlì tí kò ní ìrọ́pò nínú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òfin, ère kan dúró fún ogún jagunjagun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ àwọ̀ ewé kan dúró fún igbó kìjikìji. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ère kò gbọ́dọ̀ dúró fún ohun tí kì í ṣe òun, ó ti lé gbogbo òṣèré kúrò nídìí tábìlì. Ohun tí ó kù kí a wádìí ni ibi tí ìrọ́pò ti ń dára àti ibi tí ó ti ń bàjẹ́.

Ogun tiwa, ère tiwọn

Nínú ogun ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ère rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà ni ti Zulu. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1879, àwọn Zulu ṣẹ́gun ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana. Sinimá tí a pè ní Zulu, tí ó jáde ní 1964, sì sọ ogun Zulu àti Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún náà di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn ọmọ ogun Mahdi ti Sudan, tí wọ́n gba Khartoum ní oṣù Kìíní 1885, ní ère tiwọn. Àwọn ará Aṣáńtì àti àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì náà kò ṣòro láti rí. Bí ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston bá wá fẹ́ ja ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àjọṣe àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn, jà, lórí tábìlì, yóò dé ọjà, kò ní rí Èkìtìparapọ̀, kò ní rí Ìbàdàn, Zulu ni yóò rí. Bí kò bá ṣọ́ra, Zulu náà ni yóò rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ère Zulu yẹn dáadáa. Ìhòòhò ni òkè ara rẹ̀. Asà awọ màlúù gígùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọ̀kọ̀ kúkúrú tí a fi ń gún ni ní ìtòsí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré. Òótọ́ ni èyí nípa ọ̀pọ̀ jagunjagun Zulu, nítorí pé ọgbọ́n ogun wọn ni láti na ọwọ́ méjì yí ọ̀tá ká, kí wọ́n sì súnmọ́ ọn títí ọ̀kọ̀ yóò fi bà á.

Ní àwọn ọdún tí Zulu ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà gan-an, Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn ní àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, Látòósà Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí ogun Ìbàdàn títí ó fi kú ní ibùdó ní 1885. Wọ́n kọ́ ibùdó, wọ́n gbin oko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ogun tí wọ́n jà ní 1879 kò ní asà awọ màlúù, ọ̀kọ̀ kọ́ ni ó sì gbé e ró. Ìbọn ni. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ẹ̀yìn kì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn kò ní ju ṣakabùlà lọ, èyí tí a ń da ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí a ó fi ọ̀pá tì í, kí a tó tún lè yìn ín.

Ẹ wo ohun tí ère Zulu yóò ṣe fún ogun yìí. Ọwọ́ òṣèré yóò tẹ̀ lé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Yóò máa ti Èkìtìparapọ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ìbọn Ìbàdàn yóò sì máa gé wọn lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn, àwọn Èkìtì ni ìbọn tí ó yá jù wà lọ́wọ́ wọn, òun ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn lè borí wọn títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886. Ère kan péré ti yí ìtàn lódì, àwọn tí wọ́n fi ọgbọ́n ra ohun ìjà sì ti di àwọn tí kò mọ ìbọn. Aláǹgbá ni a fi rọ́pò àdán níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí igi ilẹ̀ yìí kọ́ wa

Mi ò ní láti lọ jìnnà kí n tó rí òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ tí a wà yìí, láti Òsì dé Odò-Ọwá ní ìpínlẹ̀ Kwara, wà lára ibi tí ayé mọ̀ jù fún ère gbígbẹ́ ní Áfíríkà. Àreògún ti Òsì, tí ó kú ní 1954, àti ọmọ rẹ̀ Bándélé, gbẹ́ ìlẹ̀kùn, òpó àti ère ẹpa (ère ọdún tí a ń gbé lérí jó) tí àwọn ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ òkèèrè ń ṣìkẹ́. Bámigbóyè ti ìhà Odò-Ọwá gbẹ́ ère ẹpa tí ó ga ju mítà kan lọ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ní 1930 sí 1939, ó wà lára àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan lórí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan.

Àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, tí ó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbà nínú ìwé rẹ̀ ti 1967. Èkíní ni ọ̀nà lílé: àáké ni a fi ń la igi títí a ó fi mọ ibi tí orí wà, ibi tí ara wà, ibi tí ẹṣin wà. Èkejì ni alétúnlé: a ó pín orí sí ojú, etí àti fìlà, a ó ya apá kúrò lára ìhà. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ọ̀bẹ yóò fi mú ara igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: ilà ojú, ìlà irun, ọ̀nà ara ìjánu, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Ẹ gbé ère jagunjagun orí ẹṣin síwájú yín, irú èyí tí ó ń jókòó sórí ẹpa. Ẹṣin rẹ̀ kéré, ẹni tí ó gùn ún tóbi, nítorí pé ipò ẹni náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi hàn. Ọwọ́ kan di ìjánu mú, èkejì di ọ̀kọ̀. Ìgbà wo ni ó di ẹlẹ́ṣin? Ní ọ̀nà lílé ni. Bí a bá ti la igi tán láìsí ẹṣin nínú rẹ̀, kò sí fínfín tí ó lè fi ẹṣin sí i mọ́. Ìgbà wo ni ó di ará ìlú kan pàtó? Ní fínfín ni, nígbà tí a bá fi ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Orúkọ akọni tí a sì ń pè é lọ́jọ́ ọdún, ẹnu àwọn tí ó ni ín ni ó ti ń wá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń fi ère rọ́pò mọ̀ nìyẹn. Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n jẹ́ ti ọ̀nà lílé: ṣé ẹlẹ́ṣin ni àbí afẹsẹ̀rìn? Ṣé ìbọn ni ó fi ń jà láti òkèèrè, àbí ọ̀kọ̀ ní ìtòsí? Ṣé wọ́n ń to ara wọn pọ̀ ni, àbí wọ́n ń tú ká sínú igbó? Bí ìwọ̀nyí kò bá bá ara mu, ọ̀dà kò lè tún un ṣe. Àwọn mìíràn jẹ́ ti fínfín: àwọ̀ ṣòkòtò, irú fìlà, oògùn tí a so mọ́ ara. Ìwọ̀nyí ni a lè forí jì.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa gan-an lo òfin yìí. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, àwọn amòye láti ìlà-oòrùn jáde bí ọba Yorùbá. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa, nítorí pé ohun tí ìtàn náà nílò, ìyẹn ènìyàn ńlá tí ó gbé ẹ̀bùn wá tí ó sì tẹríba, wà nínú igi náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère ìbejì. Ìkókó ni ọmọ tí ó kú, ṣùgbọ́n ara àgbàlagbà ni a ń gbẹ́ fún un. Ohun tí ìyá kì í gbà kí wọ́n ṣì ni akọ tàbí abo, àti ilà ìdílé. Nígbà tí ó yá, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo bèbí oníke láti ṣọ́ọ̀bù dípò ère, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tọ́jú igi. Àwọn tí ọ̀rọ̀ dùn jù ni wọ́n yan ohun tí ó gbọ́dọ̀ bára mu àti ohun tí kò pọn dandan.

Ogun mẹ́ta lábẹ́ òfin yìí

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Ìbàdàn sì wá gbèjà ìlú náà. Agbára Ìlọrin ni ẹṣin. Ìbàdàn kò dúró de ẹṣin ní gbangba. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó, níbi tí ẹlẹ́ṣin kò ti ní ààyè láti sáré. Ẹni tí ó bá fẹ́ ja ogun yìí tí kò ní ẹlẹ́ṣin Ìlọrin lè lo ẹlẹ́ṣin Sudan, ìyẹn àwọn Baggara tí wọ́n jà fún Mahdi: ẹṣin ni, ọ̀kọ̀ ni, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti láwàní ni. Òòbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi afẹsẹ̀rìn rọ́pò wọn nítorí pé ẹṣin wọ́n, ó ti pa ìdí tí Ìbàdàn fi yan òru. Ogun tí ó ṣẹ́ kù lórí tábìlì yóò di ìlù tí kò ní awọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, ní ìhà Ìkìrun, Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n tú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ká. Odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ lọ nínú àwọn tí ń sá. Ogun Jálumi nìyẹn. Níbí, ìhà kan ṣoṣo ní oríṣi ọmọ ogun mẹ́rin. Bí òṣèré bá lo ère kan náà fún gbogbo wọn, kò ní hàn mọ́ pé àjọṣe ni ogun náà, àti pé ẹni tí a kọ́kọ́ lù ń kó ìpayà bá ẹnìkejì rẹ̀. Ó lè lo ère tí ó rí lọ́jà, ṣùgbọ́n kí ó kun ìdí tí ère kọ̀ọ̀kan dúró lé ní ọ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ojú lè mọ ẹni tí ó ń sá. Odò kò sì ní arọ́pò. Ẹni tí kò bá mọ odò sórí tábìlì rẹ̀ kò ja Jálumi.

Kírìjì ni ó ṣòro jù. Èmi yóò gba òṣèré ní ìmọ̀ràn láti lo ère Aṣáńtì ti ogun 1873 sí 1874: ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, igbó ni wọ́n ti jà. Aṣọ wọn kì í ṣe tiwa, ìyẹn jẹ́ ti fínfín. Ṣùgbọ́n kí ó ya àwọn tí wọ́n ní ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì sọ́tọ̀ pẹ̀lú àmì tí ó hàn, kí òfin eré sì jẹ́ kí ìbọn wọn máa dún léraléra ju ṣakabùlà lọ. Láìsí ìyàtọ̀ yìí, kò sí Kírìjì.

Mo fi òfin kan kún un tí kò jẹ mọ́ igi: kí òṣèré sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ère báyìí dúró fún ọmọ ogun báyìí, nítorí ohun ìjà báyìí. Àdéhùn tí a kò sọ ni ń di ìjà nídìí eré.

Ṣé ó yẹ kí a fi ogun ṣeré?

Àwọn àgbà kan ti bi mí bóyá ó yẹ kí a máa ta ayò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè yẹn, nítorí pé ogun wọ̀nyẹn kó ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì sọ àwọn ìlú kan di ahoro. Ìdáhùn mi ni pé a kò fìgbà kan dákẹ́ nípa ogun. Oríkì ń sọ ọ́, ọdún ẹpa ń gbé jagunjagun jó láàárín ọjà. Tábìlì lè fi ohun kan kún un: ó máa ń fi ipá mú ọmọdé béèrè pé kí ló dé. Kí ló dé tí Ìbàdàn fi yan òru? Kí ló dé tí Ìbàdàn kò lè borí Èkìtìparapọ̀? Ọmọ tí ó bá ti bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò wá ìwé kà. Yóò dé ìdí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò sì rí i pé ẹ̀dá ènìyàn wà ní ìhà méjèèjì.

Nítorí èyí ni mo fi ń tẹnu mọ́ iyì. Ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì ń jókòó sí kíláàsì kan náà lónìí. Kò gbọ́dọ̀ sí ìhà kan tí yóò ní ère tí ó dán, kí èkejì wá ní ère oníhòòhò tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rọ láti fi dẹ́rù bani. Bí arọ́pò kan bá tàbùkù ẹni tí a fi rọ́pò, ẹ jẹ́ kí a padà sí ègé pupa àti búlúù ti Reisswitz. Ègé lásán kì í búni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Arọ́pò dára fún ọjọ́ kan, kò yẹ kó di ìṣe wa títí láé, pàápàá ní ilẹ̀ tí Àreògún àti Bámigbóyè ti wá. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbẹ́ oríṣi ère mẹ́rin fún wa ní ìwọ̀n kékeré: ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, oníṣakabùlà Ìbàdàn, oníbọn ìgbàlódé Èkìtìparapọ̀, àti balógun kan. Láti ara igi mẹ́rin yẹn ni a ti lè rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníke tàbí olójé. Ẹ̀yin olùkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ, ẹ fún ọ̀gá iṣẹ́ ọnà láàyè nínú kíláàsì yín bí wọ́n ti fún Bámigbóyè ní Òmù-Àrán, kí àwọn ọmọ lè gbẹ́ ère ogun tí wọ́n ń kà nínú ìtàn. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, owó igi àti ọ̀dà kò tó owó àga tí a jókòó lé lónìí.

Títí di ìgbà náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ní tábìlì, ẹ máa fi ohun tí ẹ bá rí jagun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹṣin, ẹ wo ohun ìjà, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà jà, kí ẹ tó wo àwọ̀ ara. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo dúdú ni ọ̀kan náà.